Bí Mo Ṣe Gba Písítìn Lẹ́nu Ìpẹtà Jẹrinjẹrin

Èmi Ọdẹ́dìran tí ẹ ń wò yìí, mo ta alùpùpù bàbá mi nípàá ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, eré tí ó bá mi sá pọ̀ débi pé nígbà tí mo dé oko, Ọjọ́rú tó ṣáájú Jímọ̀ náà ni mo bá níbẹ̀. Mo bá ara mi nídìí iṣẹ́, tí mo ń kọ ebè. Mo kí ara mi pé ẹ kú iṣẹ́, mo dá ara mi lóhùn pé ẹ kú ìrìn, àwa méjèèjì jọ sun iṣu. A fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí èyí tó jóná, nítorí pé mo fẹ́ràn iṣu tó bá jóná díẹ̀, òun náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ wo oko mi. Ebè tó wà níbẹ̀ ju èyí tí ẹnì kan ṣoṣo lè kọ lọ.

Ẹ̀yin ọdẹ Ìdí-Apá, ẹ rẹ́rìn-ín mọ níwọ̀n. Mo mọ̀ pé oòrùn ti ń ga, mo sì mọ̀ pé ìṣípà bàbá mi la torí ẹ̀ péjọ. Ẹrù rẹ̀ rèé nílẹ̀: gbérí rẹ̀, àpò rẹ̀, fìlà rẹ̀ tí ẹkùn fà ya létí kan. Alùpùpù rẹ̀ náà rèé tó fara ti igi apá. Bàbá Olúọdẹ ní kí n ta á, kí gbogbo wa gbọ́ bóyá ó kú tàbí ó yè. N ó ta á. Ṣùgbọ́n a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ojú mi rí kí irin yìí tó pé padà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lẹ́yìn ọ̀la pé oríire lásán ni.

Mo rí àwọn àna wa tó ti ìgboro wá, tí wọ́n fi aṣọ ìnujú dí imú nítorí òórùn awọ ẹran. Ẹ jẹ́ n là á yé wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọdẹ bá kú, ohun tó fi ṣọdẹ kì í gbélé. Igbó ló bọ́ ọ, igbó la ó dá a padà fún. A ó ru ẹrù náà dé oríta inú Igbó Gbàgbélé, a ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a ó kọrin fún un, a ó sì padà láìwẹ̀yìn. Ohun tí a bá ti sọ̀ síbẹ̀ kì í wọ ilé mọ́. Ẹni tó bá mú un wálé, orí lásán ni yóò fi rù ú padà, láìsí òṣùká, a ó sì bọ́ fìlà ọdẹ lórí rẹ̀ títí ayé. Òfin nìyẹn. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ta ló tiẹ̀ mọ òfin jù mí lọ?

Irú alùpùpù yìí, méjì péré ló wọ Ìdí-Apá rí. Bàbá mi ra ọ̀kan, Ògúntọ́nà ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọkọ Ìyá Àwẹ̀ró tó jókòó síbẹ̀ yẹn, ra èkejì lọ́jọ́ kan náà, lọ́wọ́ òyìnbó agégẹdú kan tó ń palẹ̀ mọ́ lọ sílé. Wọ́n jọra bí ìbejì. Ìró wọn kò yàtọ̀: pù-pù-pù, wọ́n á sinmi díẹ̀, wọ́n á ní pù, bí àgbàlagbà tó ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà kí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ilé lè dákẹ́. Bí ìró náà bá ti sọ lórí òkè, ìyá mi kì í bèèrè ohunkóhun kí ó tó gbé omi ìwẹ̀ kaná. Ìyá Àwẹ̀ró náà á gbé tirẹ̀ kaná. Kò sí ẹni tó lè mọ ọkọ ta ló ń bọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Omi ẹnì kan á gbóná fún ọkọ, omi ẹnì kejì á di ti àwọn ọmọ. Omi gbígbóná tí mo wẹ̀ ní kékeré, òun ló jẹ́ kí àwọ̀ mi máa dán báyìí. Nígbà tí Ògúntọ́nà kú, ẹ ru alùpùpù tirẹ̀ lọ sí oríta. Kí ilẹ̀ dẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kò kan ìtàn yìí.

Àwọn kan nínú yín ń sọ kiri pé èmi ni mo ba ti bàbá mi jẹ́, pé mi ò rọ ọ́ìlì sí i. Ẹfọ̀n ló bà á jẹ́. Mo pa ẹfọ̀n kan, mo dè é mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Àbúrò rẹ̀ rí i pé wọ́n ń gbé ẹ̀gbọ́n òun lọ, ó ní ibi tí ẹ̀gbọ́n òun bá lọ lòun ń lọ, ó gùn ún. Ìyàwó àbúrò gùn ún. Àna wọn tó wá kí wọn láti òdìkejì odò náà gùn ún, ó tiẹ̀ ní kí n sún síwájú díẹ̀ fún òun. Ọmọlúàbí kì í lé àlejò sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí a dé ìdajì òkè, alùpùpù ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n mú lẹ́sẹ̀, ó dún gbàgà, ó dákẹ́. Nígbà tí mo tú u, písítìn ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ọ̀pá tó ń tì í lọ sókè sódò ti ṣẹ́, ó sì ti dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì kó lè yọjú wo ẹni tó ń pa á. Kíìkì tí a fi ń ta á fò wọ inú igbó, títí di òní, mi ò fojú kàn án.

Ìgbà náà ni Bàbá Olúọdẹ pè mí síwájú gbogbo ẹgbẹ́. Wọ́n ní ohun tí kò lè dún mọ́ ti kú, alùpùpù bàbá mi á bá bàbá mi lọ. Mo ní ó dákú ni, kò kú. Gbogbo yín rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, mo rí eyín oníkálukú, mo sì mọ ẹni tí tirẹ̀ ti ń jẹrà. Bàbá Olúọdẹ kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n na ìrùkẹ̀rẹ̀ sí mi, wọ́n ní: "Bí ó bá dún ní ọjọ́ ìṣípà kí a tó gbé ẹrù, tìrẹ ni, ẹnikẹ́ni kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. Bí kò bá dún, ìwọ fúnra rẹ ni yóò rù ú." Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sápò fún mi o. Mo ń bọ̀ wá lò ó.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò gbà kí ó lọ. Ẹ wò ó, wọ́n ti bo ojú bàbá mi mọ́lẹ̀, ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe bò ó, mi ò sì janpata. Ohùn rẹ̀ ló kù. Ẹni tó bá fẹ́ sin ọkùnrin kan lẹ́ẹ̀mejì, kó lọ sin bàbá tirẹ̀.

Mo gbé ẹ́ńjìnnì lọ bá Múfú mẹkáníìkì ní ìgboro. Ó fi ìka kan kàn án, ó bú sẹ́rìn-ín, ó pe ìyàwó rẹ̀ pé kó wá wo nǹkan. Ó ní àwọn tó ń ṣe irú èyí ti jáwọ́ kí wọ́n tó kọ òun nílà, pé písítìn rẹ̀ kò sí láyé mọ́. Mo ní ṣé ó dá a lójú pé kò sí láyé. Ó ní ó dá òun lójú bí ojú ṣe wà lórí òun. Mo ní kò burú, n ó lọ wá a níbi tí kì í ṣe ayé.

Mo gbé ẹ́ńjìnnì lérí, nítorí pé ẹni tó ń wá bàtà níláti mú ẹsẹ̀ dání. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo ki ìgò àdín kan bọ àpò, mo doríkọ Igbó Gbàgbélé. Igbó náà ni ènìyàn ń wọ̀ tí í gbàgbé orúkọ aya rẹ̀. Èmi gbàgbé orúkọ ìyá ìyàwó mi nìkan, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ igbó.

Níbi tí ìrókò méjì ti forí korí ni mo ti pàdé Oníbodè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta, ó ń fi méjì dúró kí ẹ̀kẹta lè sinmi. Orúnkún lojú rẹ̀ wà, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló fi ṣe yunifọ́ọ̀mù, fèrè tó ń fọn sì wà nínú ihò imú rẹ̀. Ó ta okùn ìtàkùn dí ọ̀nà, ó na ọwọ́ sí mi.

"Pátíkúlà dà?"

Mo ní pátíkúlà kí ni. Ó ní ti ọkọ̀ tó wà lórí mi, pé ọkọ̀ kankan kì í kọjá níbẹ̀ láìní ìwé. Bí mo bá jẹ́ ọ̀lẹ ni, mi ò bá padà sílé. Mo ní, "Ta ló ń gbé ta? Ṣé ọkọ̀ ló gbé mi, àbí èmi ni mo gbé ọkọ̀?"

Ó fi orúnkún wò mí sókè sódò. "Ìwọ lo gbé e."

"Ohun tó ń gbéni ni ọkọ̀, ẹni tí wọ́n ń gbé ni èrò. Èmi ni ọkọ̀ nígbà náà, èrò lèyí tó wà lórí mi. Bi èrò bóyá ó ní pátíkúlà, àfi bó o bá ti rí ọkọ̀ tó ń dáhùn fún èrò rí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí bi ẹ́ńjìnnì ní ìbéèrè. Alágídí lẹ́ńjìnnì bàbá mi, kò fèsì. Oníbodè ní ìwọ̀sí nìyẹn, òun á tì í mọ́lé. Mo ní kó tì í mọ́lé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ènìyàn mọ́lé ló ń bọ́ ọ, bẹntiróòlù ni eléyìí sì ń mu, kì í mu omi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ronú. Ó ronú títí èéfín fi ń yọ létí rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gba abẹ́ ìtàkùn kọjá. Bí ẹ bá gba ibẹ̀ lọ lọ́la, ẹ ó bá a lórí ìrònú náà, ẹ bá mi kí i.

Mo rìn títí mo fi dé oríta kan. Kì í ṣe oríta wa o. Oríta mìíràn ni. Òkìtì irin wà níbẹ̀: ìbọn ìṣáájú, pańpẹ́ tó ti la ẹnu sílẹ̀, àtùpà, àdá, àti àwọn nǹkan mìíràn tí mi ò fẹ́ dárúkọ. Lórí òkìtì náà ni Ìpẹtà Jẹrinjẹrin jókòó sí. Ara rẹ̀ pupa bí ilẹ̀ tí òjò fọ̀, bó bá mí, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n sílẹ̀ bí ẹlùbọ́. Ó ń jẹ àdá bí ọmọdé ṣe ń jẹ ìrèké, ó ń tu pàǹtí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìbọn mi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n lórí èjìká mi. Mo sọ fún un pé kó má dójú ti mí níwájú àlejò.

Ìpẹtà fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀, ohùn rẹ̀ sì dún bí ìdè ilẹ̀kùn àtijọ́. Ó kí mi kú oríire, ó ní mo gbé oúnjẹ wá fún òun. Mo ní oúnjẹ kọ́, aláìsàn mi ni, egbòogi rẹ̀ ni mo wá wá. Ó ní ohun gbogbo tó wà níbẹ̀ ti òun ni, èyí tí òun kò bá jẹ lónìí òun á jẹ ẹ́ lọ́la. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń bá òun tàkúrọ̀sọ nínú igbó, nítorí náà òun á pa àlọ́ kan fún mi. Bí mo bá já a, kí n mú egbòogi mi. Bí n kò bá já a, òun á jẹ ẹ́ńjìnnì, òun á jẹ ìbọn, òun á sì fi irin bẹ́líìtì mi ṣe ìpanu.

"Ọmọ kan ń bẹ nínú ilé tí kò ní fèrèsé," ó wí. "Ó ń sáré lọ sókè, ó ń sáré bọ̀ nísàlẹ̀, kò jáde rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Síbẹ̀ òun ló ń gbé baba rẹ̀ dé oko."

Mo ti mọ̀ ọ́n kó tó parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fọwọ́ lérán, mo wo òkè, mo tiẹ̀ sunkún díẹ̀ kí inú rẹ̀ lè dùn, nítorí pé ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn sí àlọ́ ara rẹ̀ kì í ṣọ́ ẹrù rẹ̀ dáadáa. Ìgbà tí ó rẹ́rìn-ín tẹ́rùn ni mo tó sọ fún un pé písítìn ni. Mo ní kí òun náà gbọ́ tèmi: "Kí ló ń jẹ irin baálẹ̀, tó ń jẹ irin ìwọ̀fà, tí kò bẹ̀rù ìbọn, tí kò bẹ̀rù idà, tó jẹ́ pé ẹ̀kán epo kan ló ń lé e?"

Ojú tì í. Òun ni ìdáhùn, kò sì sí alágbára tó fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń bẹ̀rù. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n mú ohun tí mo fẹ́ kí n kúrò níwájú òun. Mo mú písítìn, tó dọ́gba pẹ̀lú ti bàbá mi bí ìgbà tí wọ́n jọ sùn nínú oyún kan. Mo mú ọ̀pá tó ń tì í. Mo sì mú kíìkì kan tó wọ bàtà awọ, nítorí pé kíìkì àwọn iwin ń lọ òde. Ó wá bá mi dá májẹ̀mú kan. Ó ní: "O kò gbọdọ̀ sọ òótọ́ ibi tí o ti rí i fún ọmọ ènìyàn. Ọjọ́ tí o bá sọ òótọ́, mo dé wá gba ohun mi." Mo gbà. Nítorí náà, bí irọ́ díẹ̀ bá wà nínú ọ̀rọ̀ mi lónìí, ẹ má bínú, májẹ̀mú ni mo ń pa mọ́.

Bí mo ṣe kẹ́yìn sí i báyìí, ó kábàámọ̀. Ó súfèé, àwọn ọmọ rẹ̀ sì tú jáde láti inú òkìtì bí ìjàlọ, pupa, kéékèèké, ẹnu wọn ń hó. Wọ́n jẹ ìdè ìbọn mi. Wọ́n jẹ ìṣó bàtà mi. Wọ́n gun òkè, wọ́n jẹ síìpù ṣòkòtò mi tán, ìyàwó mi sì lè jẹ́rìí sí síìpù náà. Mo fọ́ ìgò àdín mọ́lẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ yọ̀, ó gbé èkejì ṣubú, èkejì gbé baba rẹ̀ tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn ṣubú, gbogbo wọn di òkìtì kan. Mo fi ọwọ́ kan di ẹ́ńjìnnì mú, mo fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, mo sá jáde kúrò nínú igbó.

Nígbà tí mo yọ písítìn sí Múfú, sípánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má rò pé iṣẹ́ ti tán níbẹ̀ o. A fi kẹrosíìnì fọ gbogbo irin náà títí ìka wa fi bó. Wẹ́dà tó ń jó irin fi iná dí ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A fi iyanrìn odò kíkúnná àti epo lọ ẹnu fáàfù, títí ó fi pa ẹnu dé bí ẹni tí wọ́n fún ní rìbá. Nígbà tó kan rííńgì tó yí písítìn ká, Múfú kọ́ mi pé ibi tí rííńgì kọ̀ọ̀kan ti là kò gbọdọ̀ kọjú síra, bí ilẹ̀kùn orogún. Bí wọ́n bá kọjú síra, agbára á gba àárín wọn sá lọ. Gáskẹ́ẹ̀tì la wá tì. Mo lọ tú àpótí ìyá mi, mo mú páálí èsì ìdánwò mi ti prámárì fóò jáde, èyí tí òdo kún bí ẹyin inú ìtẹ́, òun la gé tí a fi ṣe é. Ọ̀gá ilé ìwé ní èsì yẹn kò ní wúlò fún mi láéláé. Ó wà nínú ẹ́ńjìnnì níbẹ̀ yẹn, ó ń dá ọ́ìlì dúró. Ẹ bá mi wá ọ̀gá náà rí.

Ó wá ku kí n ta á. Ẹ sún sẹ́yìn.

Ìyá Àwẹ̀ró, kí lẹ ń wá nídìí alùpùpù? Ẹ jókòó, ìyá mi, gíríísì á ba aṣọ yín jẹ́. Ẹ fẹ́ wo kíìkì? Kíìkì lásán ni. Ẹ ní ta ló rán bàtà awọ tó wà lára rẹ̀? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán, iwin ló rán an. Ẹ ní ṣé òwú ìdirun ni iwin náà fi ń rán awọ? Ó lè ní ìyàwó tó ń dirun. Ẹ ní ṣé ọlọ́wọ́ òsì ni ìyàwó náà? Ìyá, ẹ rọra sọ̀rọ̀, eré la ń ṣe.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìyá yìí ń wí níwájú àwọn àna. Wọ́n ní kíìkì ọkọ àwọn a máa gé e lọ́rùn ẹsẹ̀, pé àwọn ló fi awọ ìgalà bò ó. Wọ́n ní òwú ìdirun ló wà lọ́wọ́ àwọn lọ́jọ́ náà, pé ọwọ́ òsì àwọn ló mú kí ojú abẹ́rẹ́ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan báyìí. Awọ jọ awọ. Òwú jọ òwú.

Bàbá Olúọdẹ, ẹ dìde ni? Ẹ ní kí n sọ òótọ́. Ẹ gbàgbé májẹ̀mú mi pẹ̀lú Ìpẹtà? Mo gbọ́, orí lásán, láìsí òṣùká. Ìwọ, fi fìlà mi sílẹ̀. Ẹ dá mi lóhùn ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kí ẹ tó gbá mi mú. Láti ìgbà tí ẹ ti gbé alùpùpù Ògúntọ́nà sọ̀, ta ló lọ kí i níbẹ̀? Ìpẹtà nìkan. Ọ̀rẹ́ méjì ló ń wúkọ́ lórí òkè yìí. Ẹ pa ọ̀kan lẹ́nu mọ́ sínú igbó, ẹ tún ń wá èkejì. Mi ò gbà. Kí òfin bínú, kí ẹgbẹ́ bínú, mi ò gbà.

Ìpá kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ń na ara ni. Ìpá kejì. Ẹ gbọ́ bó ṣe hún? Ìpá kẹta, lórúkọ ẹni tó bí mi.

Pù-pù-pù. Pù.

Kí ló dé tí ẹ dákẹ́? Ìyá Àwẹ̀ró, níbo lẹ ń lọ? Ilé ìdáná nìyẹn. Ẹ wò wọ́n, ẹ̀yin ará. Wọ́n ti gbé ìkòkò, wọ́n ti bu omi sí i, wọ́n ti gbé e lé iná kí wọ́n tó rántí. Wọ́n dúró. Wọ́n ń wò mí. Wọ́n fi etí aṣọ nu ojú, wọ́n sì la ẹnu, wọ́n ní, "Ẹ gbá a mú."

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bàbá Olúọdẹ, ẹ yọ ọ̀rọ̀ yín lápò: bó bá dún kí ẹ tó gbé ẹrù, tèmi ni, ẹnikẹ́ni kò ní gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹrù ṣì wà nílẹ̀. Ẹ yà lọ́nà. Ẹ̀yin àna, ẹ ká ẹsẹ̀ kò. Ẹ fi ìdí gbérí mi sílẹ̀. Ó ti ya? Ẹ mú àjákù, ẹ mú fìlà náà pẹ̀lú rẹ̀, orí mi kì í ṣe ti fìlà. Ẹ̀yin tí ẹ ń sáré lẹ́yìn mi, ẹsẹ̀ kì í lé mi bá, bí ẹ bá fẹ́ mú mi, ẹ lọ dúró dè mí ní Ọjọ́rú tó kọjá. Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ má sọ omi náà kalẹ̀ o. Bí ẹ bá ti gbọ́ mi lórí òkè, ẹ kó iná sí i.